Àfarabalẹ̀ Pa Èèrà

Àwọn àgbà ní bí a bá farabalẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí bá ẹ̀rọ tí Max Knoll àti Ernst Ruska kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1931 mu. Maikirosíkóòpù ni, ṣùgbọ́n ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó fi ń ríran dípò ìmọ́lẹ̀.

Atukọ̀ Ìlàjẹ tí ó bá ti Ayétòrò wọ òkun mọ̀ pé bí òun bá dojú ọkọ̀ kọ ibi tí kò tọ́ ní etí òkun, bí ó ti wù kí àṣìṣe náà kéré tó, yóò di ńlá nígbà tí ọkọ̀ bá jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìtànṣán yìí. Láti òkè ẹ̀rọ ni ó ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ gba àárín àwọn lẹ́ǹsì tí a fi òòfà ṣe. Bí ó bá wọ́ ní òkè, àwòrán kò lè gún ní ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, ọlọgbọ́n òṣìṣẹ́ kì í kánjú wo ohunkóhun. Yóò kọ́kọ́ tan ìtànṣán náà sí ojú àwo tí ó ń tàn ní àwọ̀ ewé, yóò mú un fẹ̀, yóò sì mú un sún kì. Bí ó bá ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ihò tí ó ń gbà kọjá kò sí ní àárín. A ní láti sún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá gùn bí ẹyin dípò kí ó rí róbótó, àtúnṣe ṣì kù.

Àwọn aláìnísùúrù yóò ní àṣedànù ni èyí, pé kọ̀ǹpútà ń ṣe é lóde òní. Wọ́n ṣìnà. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó tọ́ kò lè mọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì í.

Ní ọdún 1948, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ yìí ya ṣọ̀pọ̀ná sọ́tọ̀ kúrò lára ṣìnkínpọ́ọ̀sì, tí ó jọ ọ́ lójú ara. Kòkòrò ti ṣọ̀pọ̀ná rí bíi bíríkì. Ti ìkejì rí róbótó. Bí àwòrán bá ṣe bàìbàì, a lè pe ọ̀kan ní èkejì, kí a sì dá ẹni tí ó gbé ikú lọ́wọ́ padà sáàárín ọmọ rẹ̀. Wọ́n kéde ní ọdún 1980 pé ṣọ̀pọ̀ná ti kúrò láyé, ṣùgbọ́n àrùn mìíràn kò tán.

Kí ọmọ Ìlàjẹ tí ó ń lépa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rántí atukọ̀ ilé wọn: kí a tó lọ, kí a kọ́kọ́ tọ́ orí ọkọ̀.