Kí A Mọ Ọjọ́ Ọjà

Láti ayébáyé ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ọjà tí a kò mọ ọjọ́ rẹ̀ kì í kún. Ìyá tí ń gbé iṣu bọ̀ láti oko mọ ọjọ́ tí ọjà ọrọọrún yóò ná. Kì í dúró de akéde kí ó tó di ẹrù rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ọjà ìpín ìdókòwò ti Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1960 tí a gba òmìnira, kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ 9 àti ọjọ́ 10 fún ọdún Ìtúnu Àwẹ̀. Nígbà tí a kò rí oṣù ní alẹ́ ọjọ́ 8, wọ́n fi ọjọ́ 11 kún un. Ọjọ́ méjì péré ni ọjà ṣíà ná ní ọ̀sẹ̀ náà.

Àwọn kan yóò wí pé ti olówó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ìgbà òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004, apá kan nínú owó tí a ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ ni a fi ń ra ìpín. Olùkọ́ tí ó sì ta ìpín tirẹ̀ kí ó lè san owó ilé-ìwé ọmọ mọ̀ pé a kì í ka ìsinmi mọ́ ọjọ́ tí owó fi ń dé: ọjọ́ kan tí a fi kún ìsinmi, a ti fi kún ìdúró rẹ̀.

A kò wí pé kí ọjà máa ná ní ọjọ́ ọdún. Ẹni tí ó bá ní kí a tajà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ti gbàgbé ohun tí òmìnira jẹ́ fún wa. A kò sì ní kí ìṣirò rọ́pò ojú tí ń wá oṣù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìsinmi ìjọba àti ìsinmi ọjà lè yàtọ̀. Ní New York, ọjà ìpín a máa ná ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, tí Amẹ́ríkà fi ń bọlá fún àwọn ọmọ ogun wọn àtijọ́, bí ọ́fíìsì ìjọba tilẹ̀ tì.

Ohun tí a ń béèrè kò ju méjì lọ. Kí ìjọba kéde gbogbo ìsinmi tí ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, títí kan èyí tí a óò fi rọ́pò ọjọ́ tí ó bá bọ́ sí Sátidé tàbí Àìkú. Ní ti èyí tí ó rọ̀ mọ́ oṣù, kí a ti sọ tẹ́lẹ̀ ọjọ́ tí ọjà yóò ṣí bí oṣù bá lé, àti bí kò bá lé. Orílẹ̀-èdè tí ń pe onílé àti àlejò wá dókòwò kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì láìrò tẹ́lẹ̀.