Ọ́kíìdì Kì í Ṣe Àfòmọ́

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ohunkóhun tí ó bá ti hù lórí igi, àfòmọ́ ni a máa ń pè é ní ilé wa. Bí a bá sì ti rí i lára igi ọsàn tàbí igi obì, àdá ni a ó fi gé e dànù. Àwọn àgbà ṣáà sọ pé, "Àfòmọ́ kò ní egbò, gbogbo igi ni ó ń bá tan."

Èrò mi ni pé orúkọ yìí ti mú kí a dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Àfòmọ́ tòótọ́ a máa ki ẹnu bọ inú igi, a sì máa fa omi rẹ̀ mu. Ọ́kíìdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní gbòǹgbò tirẹ̀, èyí tí ó fi ń di èèpo igi mú, tí ó sì fi ń gba omi òjò àti ìrì. Ibùgbé nìkan ni ó ń wá lọ́dọ̀ igi.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan lára wọn ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí òdòdó rẹ̀ ní tóótòòtó bí ara ẹkùn. Lọ́dún 1841, John Ansell, tí ó bá ọkọ̀ àwọn òyìnbó lọ sí Odò Ọya, rí i lára ọ̀pẹ ní erékùṣù Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ òdòdó náà ní Ansellia. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn-àjò kan náà, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ sì jáde lọ́dún 1843. Òyìnbó rí orúkọ fún òdòdó ẹ̀yìnkùlé wa. Àwa ṣì ń fi orúkọ olè pè é.

Èmi náà ti ṣì í ṣe rí. Wọ́n gé igi ńlá kan lulẹ̀ ní àdúgbò wa. Mo gbé ọ́kíìdì tí ó wà lórí rẹ̀, mo sì rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin iṣu. Kò pé oṣù kan tí ó fi jẹrà. N kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹ́. Nígbà kejì, èédú àti èèpo igi ni mo kó sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí. Mo gbé ewéko tí ó máa ń hù lára ọ̀pẹ tì í, kí ibẹ̀ lè máa tutù bí inú igbó. Nígbà tí ó yọ ọ̀pá púpọ̀, mo fi ọbẹ tí mo ti yan nínú iná pín in ní ọ̀pá mẹ́ta-mẹ́ta, mo sì jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ kí n tó tún un gbìn. Ọ̀kan di méjì.

Pípín yìí rọrùn ju gbígbin hóró lọ. Hóró rẹ̀ dà bí eruku, kò ní oúnjẹ nínú. Nínú igbó, àfi bí ẹbí olú kan tí ojú kò rí bá bọ́ ọ ni yóò fi hù. Lọ́dún 1922 ni Lewis Knudson, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé a lè fi ṣúgà inú ìgò hù ú láìsí olú. Nítorí náà, bí a bá gé igi, a ti ba ilé ọ́kíìdì jẹ́. Bí a bá sun igbó, a tún ti pa alágbàtọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ kò lè pa ewéko. Àdá tí mo mú lọ́wọ́ ní kékeré ni ẹ̀rí mi: orúkọ ni ó rán an níṣẹ́. Àbá mi fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni pé kí a máa pè é ní òdòdó àtìpó. Àtìpó a máa gbé ilé onílé láìjẹ onílé run. Ẹ má ṣe lọ já èyí tí ó wà láàyè nínú igbó o. Èyí tí igi rẹ̀ ti wó ni kí ẹ gbé, kí ẹ sì fún un nílé.