Owó fíìdì ń ga sí i, ṣùgbọ́n mélòó ló ń ṣòfò nínú sítọ̀ọ̀?

Bí àwọn olósìn adìẹ bá pàdé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń kan owó fíìdì. Kò yani lẹ́nu. Nínú gbogbo owó tí wọ́n ń ná sórí adìẹ ẹlẹ́yin, fíìdì nìkan máa ń gba bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìjọba ni ọ̀pọ̀ wọn ń dá lẹ́bi, wọn ò sì jayò pa. Ní oṣù Keje ọdún 2020, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, dáwọ́ dọ́là dúró fún àwọn tó ń kó àgbàdo wọlé láti òkè òkun. Nígbà tó di ọdún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, náírà já wálẹ̀, owó ọkọ̀ tó ń kó àgbàdo bọ̀ láti òkè Ọya sì lé sí i.

Ṣùgbọ́n apá kan ìnáwó yìí ò sí lọ́wọ́ ìjọba. Òun ni èyí tó ń ṣòfò nínú sítọ̀ọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó tán.

Ìṣirò rẹ̀ rèé

Adìẹ ẹlẹ́yin kan ń jẹ tó gíráàmù 115 lójúmọ́. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún adìẹ yóò lo bíi báàgì 138 oníkílò 25 lóṣù. Bí eku, òjò àti ìdàsílẹ̀ bá gba márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún, báàgì méje ti lọ nìyẹn, adìẹ kankan ò sì fẹnu kàn án.

Ọ̀rinrin ló léwu jù

Àgbàdo àkọ́kọ́ lọ́dún máa ń gbó ní oṣù Keje sí Ìkẹjọ, nígbà tí òjò ò tíì dá nílẹ̀ Yorùbá. Owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ nígbà náà, àwọn olósìn á sì rà á pamọ́. Ọgbọ́n ni, bí àgbàdo náà bá gbẹ. Bí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó lè bu, kí májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin sì wọ inú rẹ̀.

Lọ́dún 1960, irú májèlé yìí nínú oúnjẹ ẹ̀pà pa tòlótòló tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ní ilẹ̀ England. Ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́, ẹyin á dín kù, àjẹsára pàápàá lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Yíyan tàbí sísè ò lè mú un kúrò pátápátá.

Kí ló ṣeé ṣe?

Iyọ̀ gbígbẹ nínú ìgò gbígbẹ tó láti fi yẹ àgbàdo wò. Wọ́n á da ìkúnwọ́ àgbàdo sí i, wọ́n á mì ín dáadáa, wọ́n á sì dúró fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo ò tíì gbẹ tó.

Nínú sítọ̀ọ̀, orí igi ni báàgì yẹ kó wà, kó má kan ilẹ̀, kó má fara ti ògiri. Èyí tó kọ́kọ́ dé ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò. Ihò eku àti òrùlé tó ń jò ò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọ̀.

Òótọ́ ni pé olósìn kékeré ò lágbára láti ra ẹ̀rọ tó ń gbẹ àgbàdo. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ìjọba ìpínlẹ̀ ti wúlò: ẹ̀rọ kan lè sin ọ̀pọ̀ olóko ládùúgbò kan. Láti inú oko ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ IITA tó wà n'Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, kí májèlé yìí má baà ráyè.

Olósìn kan ṣoṣo ò lè fa owó àgbàdo wálẹ̀ lọ́jà. Èyí tó ti rà wọlé ló lè dáàbò bò, torí báàgì tó bu nínú sítọ̀ọ̀ náà wà lára ohun tó ń gbówó lé ẹyin.