Ọdún Kan Tí Royce White Fi Jókòó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó bá dára ni ti bàbá, èyí tí kò bá dára, ìyá rẹ̀ ló ni ín. Láàárín ọdún 2010 sí 2012, ní ìpínlẹ̀ Iowa tó wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn tí kò bá ọmọ kan tan rárá, tí wọn kò mọ bàbá rẹ̀, tí wọn kò mọ ìyá rẹ̀, sọ òwe yìí di òótọ́ lórí rẹ̀. Royce White ni orúkọ ọmọ náà. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí básíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi sí i lọ́wọ́.

Ẹni tí kò bá mọ Iowa lè máa rò pé eré ọmọ ilé ìwé lásán ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pariwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà kò ní ẹgbẹ́ kankan nínú ìdíje NBA, níbi tí àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ jẹun ti ń gba owó gọbọi. Yunifásítì méjì ni wọ́n kó gbogbo ìfẹ́ àti ìkórìíra wọn lé lórí. Ọ̀kan ni University of Iowa, ní ìlú Iowa City, tí aṣọ wọn jẹ́ dúdú àti àwọ̀ wúrà, tí wọ́n sì ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Hawkeyes. Èkejì ni Iowa State, ní ìlú Ames, àwọn tí ń wọ pupa àti àwọ̀ wúrà, tí wọ́n ń jẹ́ Cyclones. Ìrìn tó wà láàárín ìlú méjèèjì lé ní 200 kìlómítà, àmọ́ lábẹ́ òrùlé kan náà, ọkọ lè máa ṣe ti Ames kí ìyàwó máa ṣe ti Iowa City. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé, tí wọ́n sì na ọ̀kan, etí àwọn tí wọ́n nà kò ní sinmi títí ọdún mìíràn yóò fi yí po.

White kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota tó bá Iowa pààlà lókè, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1991. Nígbà tó fi máa jáde ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún 2009, òun ni wọ́n fi joyè Mr. Basketball, èyí tí í ṣe oyè ọ̀gá gbogbo ọmọ girama tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Minnesota. Ó ga, ó sì tóbi bí òpó ilé, síbẹ̀ ó ń fi bọ́ọ̀lù dárà bí ẹni kúkurú tí ara rẹ̀ fúyẹ́. Yunifásítì Minnesota gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kó tó gbá ìdíje kan ṣoṣo fún wọn ni wàhálà dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, wọ́n mú un ní Mall of America, ọjà ńlá kan tó wà lẹ́bàá Minneapolis. Wọ́n ní ó jí ọjà, ó sì ti ẹ̀ṣọ́ tó fẹ́ dá a dúró ṣubú. Ní kóòtù, ó gbà pé òun jẹ̀bi olè jíjà àti dída àlàáfíà rú. Tubby Smith, akọ́nimọ̀ọ́gbá Minnesota nígbà náà, ní kó lọ rọ́kún nílé ná. Ìyẹn kò tíì tán nílẹ̀ nígbà tí wọ́n tún dárúkọ rẹ̀ nínú ìwádìí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó sọnù nínú ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òun sì ní òun kọ́ ni òun gbé e. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ọmọ ọdún 18 yìí gbé fídíò jáde pé òun ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010 ló kúrò ní yunifásítì náà pátápátá.

Láàárín ọdún 2010 yìí kan náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá Iowa State, Greg McDermott, kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Creighton ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Fred Hoiberg ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọmọ tó dàgbà ní Ames gan-an, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Iowa State rí, tí wọ́n fẹ́ràn débi pé ìnagijẹ tí wọ́n fún un ni olórí ìlú. Hoiberg kò tíì ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ kankan rí. Inú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Timberwolves, ní Minneapolis, ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2005 ni Iowa State kò ti rí ẹsẹ̀ wọ ìdíje àṣekágbá tí àjọ NCAA ń ṣe lóṣù kẹta ọdọọdún. Ebi àṣeyọrí ń pa wọ́n. Hoiberg na ọwọ́ sí White.

Bí ìròyìn náà ṣe jáde, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í ho. Àwọn ará Iowa City ní ẹ kú oríire o, ẹ ti gba olè sílé. Wọ́n ní ilé ìwé tí ọmọ gidi kò bá fẹ́ wá ni í lọ máa ṣa èyí tí ẹlòmíràn dà nù. White nìkan kọ́ ni wọ́n sì rí sọ, torí pé Chris Allen, tí Michigan State lé nínú ẹgbẹ́ wọn, náà forí lé Ames. Chris Babb wá láti Penn State, Anthony Booker wá láti Southern Illinois. Àwọn ará Ames fèsì pé ọmọdé ni ọmọdé ń jẹ́, pé ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ní Minnesota, ọkàn àwọn ènìyàn pín sí méjì. Àwọn kan ní ó dára bó ṣe lọ. Àwọn kan ní ọwọ́ àwọn ni ẹyẹ iyebíye ti jábọ́, pé wọn yóò rí i bí yóò ti máa fò lágbàlá ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìjà náà ní ìhòòhò. Ká ní Iowa City ni White kó ẹrù rẹ̀ lọ, ẹnu tó ń pè é lólè ni ì bá máa pè é lọ́mọ wa. Ẹnu tó ń tọrọ àforíjì fún un ní Ames ni ì bá sì máa ka iye ìgbà tó fẹsẹ̀ kan kóòtù. Àwọ̀ aṣọ ló ń ṣe ìdájọ́. Nínú gbogbo ariwo náà, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú: kí ni ó ń ṣe ọmọ yìí gan-an?

Ohun kan wà tí ẹgbẹ́ méjèèjì kà sí ìyà lásán, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìbòòji wà. Òfin NCAA nígbà náà ni pé agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó bá kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn yóò fi odindi ọdún kan jókòó. Yóò máa lọ sí kíláàsì, yóò máa bá ẹgbẹ́ ṣe ìgbaradì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbá ìdíje kankan. White jókòó ní gbogbo sáà 2010 sí 2011. Kò sí èrò 14,000 ní gbọ̀ngàn Hilton tó ń retí àmì ayò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kàwé, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé láàárín ẹgbẹ́, Hoiberg sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1963, kò ní ka irú ọdún bẹ́ẹ̀ sí òfò. Nígbà tó dé yunifásítì Houston lọ́dún 1980, NCAA kò tíì fún un láṣẹ, ó sì fi sáà àkọ́kọ́ jókòó. Kì í ṣe oníwàhálà o. Ọ̀rọ̀ àṣẹ lásán ni. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn ló ń lọ bá Moses Malone, òjìnnìjìnnì agbábọ́ọ̀lù, fi ara gbá ara ní pápá ìṣeré ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò sì máa ka àṣìṣe sí i lọ́rùn. Nígbà tó di ọdún 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ NBA. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó mú Michael Jordan.

White bọ́ sí pápá ní sáà 2011 sí 2012. Ohun tó ṣe kò wọ́pọ̀. Nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló sọ bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ jù, òun ló gba bọ́ọ̀lù tó ta padà jù, òun ló fi bọ́ọ̀lù lé ẹlẹgbẹ́ lọ́wọ́ jù fún ayò, òun ló já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ọ̀tá jù, òun náà ló sì fi ọwọ́ dí bọ́ọ̀lù ọ̀tá jù. Hoiberg, dípò kó so ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ mọ́ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ bí àwọn yòókù ti ń ṣe, gbé ìdarí eré lé e lọ́wọ́. Ní oṣù kejìlá, wọ́n na Iowa ní Ames. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, wọ́n na Kansas 72 sí 64. Ní oṣù kẹta, wọ́n na Connecticut, tó gba ife ọdún tó ṣáájú, 77 sí 64. Kentucky, tó gba ife ọdún yẹn, ló wá lé wọn kúrò, 87 sí 71, ṣùgbọ́n White nìkan sọ 23 nínú àmì ayò ọjọ́ náà.

Inú ọdún yìí kan náà ló ń sọ ọ́ ní gbangba pé àìsàn ìpayà ń ṣe òun, pé àyà òun máa ń já láìnídìí, pé bàálù sì jẹ́ ẹ̀rù ńlá fún òun. Àwọn tó ń pè é lólè ní Iowa City wá rí ọ̀rọ̀ mìíràn mú: wọ́n ní wèrè ni. Àwọn ará Ames kò bínú sí àìsàn náà. Ẹgbẹ́ ń borí. Kí ẹgbẹ́ máa borí ni oògùn tó ń mú kí èrò ní àánú.

Sáà kan ṣoṣo ló gbá fún wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, Houston Rockets, ẹgbẹ́ kan náà tí Olajuwon fi gba ife lọ́dún 1994 àti 1995, mú un ṣe ẹni 16 nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. White fẹ́ kí ó wà nínú ìwé pé dókítà, kì í ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́, ni yóò máa sọ ọjọ́ tí ara òun kò yá. Ẹgbẹ́ náà gbà pé kó máa gba ojú títì lọ sí àwọn ibi kan, àmọ́ wọn kò fẹ́ fa àṣẹ lórí òṣìṣẹ́ wọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti ọmọ náà ló wúwo jù, nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, kò sí ọ̀gá tí yóò bá dókítà jiyàn. Kò gbá bọ́ọ̀lù ìdíje kan fún Rockets. Nígbà tó di ọdún 2014, Sacramento Kings lò ó ní ìgbà 3, ìṣẹ́jú 9 lápapọ̀. Gbogbo bọ́ọ̀lù NBA rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Iowa City ní ṣebí àwọn sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ames ní Houston ló ba ọmọ jẹ́. (Ní Kánádà, lọ́dún 2017, ó gba ife pẹ̀lú ẹgbẹ́ London Lightning, wọ́n sì fi joyè agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù. Lọ́dún 2024 ó du ipò sẹ́nátọ̀ ní Minnesota, Amy Klobuchar sì fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Ìjà tirẹ̀ nìyẹn.)

Lónìí, òfin tó mú White jókòó ti lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, NCAA gbà kí agbábọ́ọ̀lù máa kúrò lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n mú iye ìgbà náà kúrò, bí ọmọ bá ṣáà ti ń yege nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2025, yunifásítì fúnra rẹ̀ lè máa sanwó fún wọn. Kò sí ẹni tó yẹ kó sunkún òfin àtijọ́ jù, torí McDermott kúrò ní Ames, kò fi ọjọ́ kan jókòó, ó sì ń gbowó lọ. Ọmọ tí kò gba owó oṣù ni wọ́n ń dè mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 19 tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè kúrò ní ilé ìwé kan ní oṣù kẹrin, kí ó sì máa sáré níwájú èrò 14,000 ní oṣù kọkànlá, pẹ̀lú owó tí gbogbo ayé mọ iye rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kò tún ní sùúrù ọdún kan mọ́; oṣù kan ti pọ̀ jù fún wọn. Bí wọ́n bá ti mú ìdè kúrò, ó yẹ kí àwọn yunifásítì fi ìbòòji mìíràn dípò rẹ̀: dókítà ọkàn tí kò sí lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, àti àṣẹ fún ọmọ láti sọ pé ara òun kò yá láìpàdánù àyè rẹ̀.

Nínú NBA, nǹkan ti yí díẹ̀. Lọ́dún 2018, DeMar DeRozan àti Kevin Love, àwọn méjì tí orúkọ wọn tóbi, sọ ní gbangba pé ọkàn àwọn náà máa ń rẹ̀wẹ̀sì, pé ìpayà máa ń mú àwọn. Wọ́n patẹ́wọ́ fún wọn jákèjádò Amẹ́ríkà. Láti sáà 2019 sí 2020, àjọ náà sọ ọ́ di dandan kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní onímọ̀ ìlera ọkàn tó ní ìwé àṣẹ. Ọmọ ọdún 28 ni Royce White nígbà náà, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan nínú wọn.