Ìwọ̀n Tí Kò Ní Orúkọ

Nínú gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ó ṣòro láti rí èyí tí àwọn ènìyàn fojú kéré tó yíyí ìwọ̀n kan padà sí òmíràn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbà pé iṣẹ́ ọmọdé ni: kí a sọ mítà di sẹ̀ǹtímítà, kí a sọ gíráàmù di kìlógíráàmù, kí a sún àmì dẹ́símà síwájú tàbí sẹ́yìn, ó parí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe máa ń kọ 15 tàbí 250 sí ìsàlẹ̀ ìṣirò wọn láìkọ ohunkóhun tẹ̀lé e, tí àwọn olùkọ́ mìíràn a sì gbà á fún wọn. Àṣà yìí kò dára. Nọ́ńbà tí kò ní orúkọ ìwọ̀n lẹ́yìn dà bí ìránṣẹ́ tí ó dé ilé onílé, tí ó sì gbàgbé ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ó lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí a ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Yíyí ìwọ̀n padà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ó jẹ́ pé owó ẹyọ ni a ń ná, ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Igba mẹ́wàá jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Bí a bá sọ fún obìnrin ọlọ́jà ayé ìgbà náà pé iye ọjà kan jẹ́ mẹ́ta, yóò bèèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé: ẹgbàá mẹ́ta ni, tàbí ọ̀kẹ́ mẹ́ta? Ó mọ̀ pé ọ̀kan jẹ́ 6,000, èkejì sì jẹ́ 60,000, àti pé ẹni tí kò bá bèèrè yóò fi gbèsè kúrò lọ́jà.

Ọgbọ́n kan náà ni ó hàn nígbà tí owó ìlú yí padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 1973, ìjọba Nàìjíríà gbé náírà àti kọ́bọ̀ jáde dípò pọ́n-ùn àti ṣílè. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀wé rárá ń ṣe ìyípadà yìí lórí ahọ́n wọn, débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣì ń pe 50 kọ́bọ̀ ní ṣílè márùn-ún. Owó kò dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí pé wọn kò ya iye owó kúrò lára orúkọ rẹ̀ nígbà kan.

Ọmọ ilé-ìwé girama ní Ilé-Ifẹ̀ lónìí ń gbé láàárín ìwọ̀n oríṣiríṣi. Òfin ìwọ̀n tí Nàìjíríà ṣe ní 1974 fi mítà, kìlógíráàmù àti lítà ṣe ìwọ̀n ìjọba, àwọn náà sì ni ìwé sáyẹ́ǹsì ń lò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti kúrò ní kíláàsì, kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí fún ìyá rẹ̀ lọ́jà, yáàdì ni wọ́n fi ń ta aṣọ fún un, lítà ni wọ́n fi ń ta epo bẹntiróòlù, ẹsẹ̀ bàtà ni bíríkìlà sì fi ń sọ gígùn ògiri. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn wà lójú ọ̀nà kan, kí ó sì rò pé òmíràn ni òun ń tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yóò fi èyí hàn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ilẹ̀ tí ó gùn ní 100 ẹsẹ̀ bàtà, tí ó sì fẹ̀ ní 50 ẹsẹ̀ bàtà, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe fi ẹnu sọ ọ́ fún un; ṣùgbọ́n nínú àwòrán tí awọnlẹ̀ yóò yà, mítà ni yóò bá níbẹ̀. Láti 1959 ni àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá tí ń lo ẹsẹ̀ bàtà ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 0.3048 mítà gẹ́lẹ́. Nítorí náà, gígùn ilẹ̀ náà jẹ́ 30.48 mítà, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 15.24 mítà. Títí dé ibí, kò sí ìṣòro. Ìgbà tí ó bá kan bí ilẹ̀ náà ti tóbi tó ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọsẹ̀. Wọn a ní ilẹ̀ náà jẹ́ 5,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, wọn a fi 0.3048 sọ 5,000 di púpọ̀, wọn a sì kọ 1,524 sílẹ̀. Ìdáhùn tí ó tọ́ kò ju nǹkan bí 464.5 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ẹni tí ó bá gba 1,524 gbọ́ yóò máa rò pé ilẹ̀ òun ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ó jẹ́ lọ. Ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, irú àṣìṣe báyìí sì tó láti dá a sílẹ̀.

Níbo ni àṣìṣe náà ti wọlé? Ìsọdipúpọ̀ náà pé. Ibi tí ọmọ náà kò ti kọ orúkọ ìwọ̀n ni àlàfo ti ṣí sílẹ̀. Bí ó bá ti kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ bàtà gígùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà ìbú ni, ojú rẹ̀ ìbá rí i pé ẹsẹ̀ bàtà méjì ni ó wà níbẹ̀, àti pé 0.3048 kan ṣoṣo kò lè yí méjèèjì padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ní láti lò ó, ẹ̀ẹ̀kan fún gígùn, ẹ̀ẹ̀kan fún ìbú.

Orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ pé, nítorí pé orúkọ kan lè jẹ́ ti ìwọ̀n méjì. Tọ́ọ̀nù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ra kòkó látijọ́ jẹ́ 2,240 pọ́n-ùn, èyí tí ó tó nǹkan bí 1,016 kìlógíráàmù. Tọ́ọ̀nù ti òde òní jẹ́ 1,000 kìlógíráàmù. Àgbẹ̀ tí ó bá fi tọ́ọ̀nù àtijọ́ wọn kòkó rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, tí a sì san owó tọ́ọ̀nù tuntun mẹ́wàá fún un, ti fi kòkó tí ó lé ní 160 kìlógíráàmù ta oníbàárà lọ́rẹ láìmọ̀.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa kọ́ ọmọ pé kí ó sọ di púpọ̀ bí ó bá ń lọ láti ìwọ̀n ńlá sí kékeré, kí ó sì pín bí ó bá ń bọ̀ láti kékeré sí ńlá. Òfin náà tọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó há a sórí lásán a máa yí i po lọ́jọ́ ìdánwò. Ó sàn kí ó mọ̀ pé ohun kan náà ni 1,000 gíráàmù àti kìlógíráàmù kan. Bí a bá fi ọ̀kan pín èkejì, 1 ni a ó rí. Ohun tí a bá sì fi 1 sọ di púpọ̀ kì í yí padà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó pààrọ̀, bí ẹni tí ó bọ́ agbádá tí ó wọ bùbá: kò sanra, bẹ́ẹ̀ ni kò rù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní 2.5 kìlógíráàmù, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé 1,000 gíráàmù ń bẹ nínú kìlógíráàmù kan, orúkọ kìlógíráàmù tí ó wà lókè yóò pa èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ́, 2,500 gíráàmù yóò sì ṣẹ́kù. Bí orúkọ tí ó ṣẹ́kù kì í bá ṣe èyí tí ó ń wá, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ pé òun ti ṣìnà kí olùkọ́ tó sọ fún un.

Irú àṣìṣe yìí kò mọ ní kíláàsì nìkan. Ní oṣù Disẹ́ńbà 1998, NASA, ilé-iṣẹ́ òfurufú ti Amẹ́ríkà, rán ọkọ̀ kan tí kò ní ènìyàn nínú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mars Climate Orbiter, lọ sí àgbáyé tí a ń pè ní Mars. Àwọn tí ó kọ́ ọkọ̀ náà fi pọ́n-ùn ṣírò agbára tí ń tì í. Àwọn tí ń darí rẹ̀ sì gbà pé newton ni wọ́n lò. Pọ́n-ùn agbára kan tó newton 4.45. Báyìí ni nọ́ńbà náà ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan dé ọwọ́ èkejì, tí orúkọ rẹ̀ yí padà lọ́nà, tí iye rẹ̀ kò sì yí padà. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1999, ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó kọjá ní nǹkan bí 226 kìlómítà sókè Mars sún mọ́ ọn tó nǹkan bí 57 kìlómítà, ó sì ṣègbé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ìmọ̀ wọn kò gbà wọ́n lọ́wọ́ orúkọ kan tí wọ́n fojú fò dá.

Irin ni ó ṣègbé níbẹ̀. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ náà lè kan ẹ̀mí. Ìwọ̀n méjì ni ó máa ń wà lára ìgò oògùn olómi tí a ń fún ọmọdé: mìlígíráàmù, tí í ṣe ìwọ̀n oògùn gan-an, àti mìlílítà, tí í ṣe ìwọ̀n omi tí a pò ó mọ́. Bí ìgò kan bá ní 120 mìlígíráàmù nínú mìlílítà 5, tí òmíràn sì ní 100 mìlígíráàmù nínú mìlílítà 1 péré, síbí kan náà tí ó gba mìlílítà 5 yóò bu 120 mìlígíráàmù nínú ti àkọ́kọ́, yóò sì bu 500 nínú ti èkejì. Ìyá tí a bá sọ fún pé kí ó fún ọmọ ní márùn-ún ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé: márùn-ún kí ni? Bí òun kò bá mọ̀ ọ́n bèèrè, ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ìwé girama ni ó yẹ kí ó bá a bèèrè.

Àwọn kan yóò sọ pé fóònù lè yí gbogbo ìwọ̀n padà kí a tó ṣẹ́jú, kí ni ọmọdé wá ń fi ara rẹ̀ ṣe wàhálà sí? Òtítọ́ ni pé fóònù yára; ṣùgbọ́n ohun tí a bá bi í ni yóò dáhùn. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà àti ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin yóò bi í ní ìbéèrè òdì, yóò sì fi ayọ̀ gba èsì òdì. Àwọn mìíràn yóò sọ pé kí a pa kóńgò àti ẹsẹ̀ bàtà tì, kí a kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n ìjọba nìkan. Èyí náà kò tọ́, nítorí pé ohun tí ọmọ ti mọ̀ ni olùkọ́ fi ń mú un dé ibi tí kò mọ̀.

Ó yẹ kí Ilé-Ifẹ̀ mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ. Ní 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, ètò náà sì fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè rẹ̀ kọ́ kò ní tìtorí rẹ̀ rẹ̀yìn. Ohun tí ó tọ́ fún èdè tọ́ fún ìwọ̀n pẹ̀lú. Kí olùkọ́ gbé kóńgò wọ kíláàsì. Kí àwọn ọmọ bu omi kún un láti mọ iye lítà tí ó gbà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé gàrí kóńgò kan sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n sì gbé ẹ̀wà kóńgò kan. Wọn yóò rí i pé kóńgò kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwúwo gàrí kò bá ti ẹ̀wà dọ́gba. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ pé lítà kò lè di kìlógíráàmù bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń wọ̀n. Lítà omi kan tó nǹkan bí kìlógíráàmù kan. Lítà epo pupa kan kò tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí epo fi ń léfòó lórí omi ọbẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fi ṣe òfin pé ìdáhùn tí kò ní orúkọ ìwọ̀n kò tíì di ìdáhùn, kí wọ́n sì yọ máàkì fún un láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọmọ yóò kùn pé òun mọ ìṣirò náà. Kí olùkọ́ fara da ìkùnsínú rẹ̀. Láìpẹ́, ọmọ náà ni yóò di awọnlẹ̀, nọ́ọ̀sì, bíríkìlà tàbí oníṣòwò kòkó ní Ifẹ̀. Nígbà náà, kì yóò sí olùkọ́ tí yóò fi yíǹkì pupa fa ìlà sí abẹ́ àṣìṣe rẹ̀. Ẹni tí ó ra ilẹ̀, tàbí ẹni tí ó mu oògùn, ni yóò san gbèsè rẹ̀.