Odídẹrẹ́ Méjì, Orúkọ Kan

Ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìdó, níbi tí ọba ti ń dé adé ìlẹ̀kẹ̀, ìkóódẹ kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń ṣàlàyé kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ìrù pupa yìí gan-an ni ó lè ṣi atúmọ̀-èdè lọ́nà.

Títí di ọdún 2012, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni àjọ BirdLife International ka odídẹrẹ́ aláwọ̀ eérú sí. Ní ọdún náà ni ó pín in sí méjì. Psittacus erithacus ni tiwa. Ó wà láti ìlà-oòrùn Côte d'Ivoire títí dé Kenya. Psittacus timneh kéré jù ú lọ, ó sì dúdú jù ú lọ. Láti Guinea-Bissau, gba ilẹ̀ Sàró àti Làìbéríà, dé Côte d'Ivoire ni ilé rẹ̀.

Ìrù ni ìwé Òyìnbó sábà fi ń dá wọn mọ̀: ti èkínní pupa fòò, ti èkejì pupa tí ó ń lọ sí dúdú. Ṣùgbọ́n bí a bá pe ọ̀kan ní onírù pupa, kí ni ó kù fún èkejì, nígbà tí pupa Yorùbá gba méjèèjì, tí ó gba epo, tí ó sì tún gba iyẹ̀pẹ̀? Kí a sì fún ọ̀kan ní odídẹrẹ́, kí a fún èkejì ní ayékòótọ́, èyí burú jù: ẹyẹ kan náà ni Yorùbá ń fi orúkọ méjèèjì pè.

Ẹnu ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu ẹyẹ tiwa dúdú pátá. Ti èkejì funfun lápá òkè, àyàfi ní ṣóńṣó rẹ̀. Odídẹrẹ́ ẹlẹ́nu dúdú, odídẹrẹ́ ẹlẹ́nu funfun: èyí tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹlẹ́nu jọ èébú, ẹyẹ tí ń sọ̀rọ̀ ṣáà ni.

Ní ọdún 2016, àjọ IUCN ka méjèèjì mọ́ àwọn ẹ̀yà tí ó wà nínú ewu ìparun. Ní ọdún kan náà, àpéjọ CITES ní Johannesburg fòfin de títa àwọn tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Igbó gígé àti mímú wọn fún àgò ni ó fa ewu náà. Ní Gánà, ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi hàn pé ìpín 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́nu dúdú ti lọ láti 1992.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011 yóò ka odídẹrẹ́ lásán nínú ìwé Yorùbá, yóò sì rò pé ẹyẹ kan ni ó tàn láti ilẹ̀ Sàró dé Kenya. Kò ní mọ̀ pé bí ẹlẹ́nu funfun bá tán nínú igbó kékeré tirẹ̀, kò sí igbó mìíràn tí a ti lè rí i.