Òpó Tó Sán, Àtíkè Kọ́ Ló Ń Fẹ́

Ọ̀rọ̀ òpó ilé la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ wà ní Ṣakí, ó wà ní Ìsẹ́yìn. Ìyá ń tajà nísàlẹ̀, ayálégbé ń sùn lókè. Lọ́jọ́ kan, ìyá á rí i pé òpó iwájú ṣọ́ọ̀bù ti sán. Á pe lánlọ́ọ̀dù. Kí ni lánlọ́ọ̀dù á ṣe? Á ní kí bíríkìlà po símẹ́ǹtì díẹ̀ fi dí i, kí wọ́n kùn ún lọ́dà. Ó parí! Òpó ti kun àtíkè. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni àtíkè wo àìsàn rẹ̀ sàn rí?

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Ti òpó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òpó bá lanu, omi ló ń wọlé. Omi á bá irin inú rẹ̀, irin á dípẹtà, irin tó dípẹtà á wú, á sì tún la kọnkéré sí i.

Ẹ rántí Ìta Fáàjì, ní Erékùṣù Èkó, ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019. Ilé tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó, èèyàn 20 ló kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ ní Ìkòyí wó, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Ẹ má sọ pé Èkó nìyẹn. Ilé tí wọn ò kọ́ dáadáa ò mọ Èkó, kò mọ Òkè-Ògùn.

Ṣé òpó tó sán ní ìwòsàn? Ó ní, bí wọ́n bá tètè rí i. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Kobe, nílẹ̀ Japan, lóṣù kìíní ọdún 1995, wọ́n wé ọ̀pọ̀ òpó ilé àti ti afárá. Wọ́n fi páànù irin wé òmíràn, wọ́n fi aṣọ wé òmíràn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, aṣọ ni mo wí! Òwú dúdú kan ni, kàbọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, síbẹ̀ kì í tètè já, kì í sì í dípẹtà. Wọ́n ń hun ún bí ẹ̀yin ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣe ń hun òfì, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ yí òpó ká.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí ẹrù bá wọ òpó lọ́rùn, kọnkéré á fẹ́ yọ ikùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìdì igi tí okùn rẹ̀ tú. Aṣọ yẹn ló ń fún un mọ́ra, bí ọ̀já ṣe ń gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá. Òpó roboto ló ń gbádùn rẹ̀ jù. Bó bá ní igun mẹ́rin, wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ́ etí igun náà kó má baà gé òwú.

Àmọ́ o, ó wọ́n, iṣẹ́ ẹnjiníà sì ni. Iná kì í bá gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣọ̀rẹ́, nítorí náà kò yẹ kí alákàrà dáná sídìí rẹ̀. Bí ìpìlẹ̀ ilé bá sì ń rì, aṣọ ò ran nǹkan kan.

Èyí tó súnmọ́ wa ni pé kí ẹnjiníà ní kí wọ́n fi igi ti dẹ́kìn dúró, kí wọ́n ha kọnkéré tó ti bàjẹ́ dànù, kí wọ́n fọ ìpẹtà, kí wọ́n to irin tuntun yí i ká, kí wọ́n sì da kọnkéré tuntun bò ó. Òpó á sanra, ṣùgbọ́n á dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ irin, ríìngì tí ẹ ń fi wáyà dè mọ́ irin òpó, ọ̀já náà nìyẹn! Ẹni tó bá jìn wọ́n síra wọn kí owó lè ṣẹ́kù, ọ̀já ọmọ ló tú. Ẹ̀yin bíríkìlà, omi àpọ̀jù ń sọ kọnkéré di ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lẹ́yìn tí ẹ bá dà á tán, ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán, pàápàá nígbà ọyẹ́ tiwa níbí.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí òpó bá sán lóòró, tí àwọ̀ ìpẹtà ń ṣàn lára rẹ̀, tí irin ti yọjú síta, tàbí tí ilẹ̀kùn tó ń ṣí tẹ́lẹ̀ ṣàdédé há, ẹ kó ara yín jáde ná. Ẹ lọ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Bí lánlọ́ọ̀dù bá fẹ́ kọ́ òkè sórí ilé tí wọn ò ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún òkè, ẹ béèrè ẹnjiníà tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má tijú. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan ò tó owó ìsìnkú.

Ilé ò ní wó lù wá o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.